Dẹ́lígéètì tó kọ̀yìn sí olùdíje ààrẹ ẹgbẹ́ rẹ̀: kí ló lè ṣe, kí sì ni ẹgbẹ́ lè fi ṣe é?

ỌmọÌyerú (Ọ̀fà)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Kwara Gúúsù àti ẹ̀yin ará Ìlọrin. Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwọn olóṣèlú wa, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ ìdí ẹ̀ tú u fún wa. Àwọn kan ní dẹ́lígéètì, ìyẹn aṣojú tó ń dìbò yan olùdíje ẹgbẹ́, tí aṣáájú ẹgbẹ́ fà kalẹ̀, ìbò aṣáájú yẹn ló gbé lọ sí Abuja. Bó bá tẹ̀ka fún ẹlòmíràn, ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn kejì ní ẹni tó bá ti dé iwájú àpótí, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nìkan ló kù tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Kí ni òfin sọ? Báwo ni ìdìbò yẹn ṣe ń lọ gan-an? Bí olùdíje bá sì ti jáde tán, tí dẹ́lígéètì wá sọ ní gbangba pé òun ò bá a lọ, kí ló lè ṣẹlẹ̀ sí i? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn ara yín kún un, ohun tó ṣeé dì mú ni kí ẹ fún wa.

AmòfinÌpo (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Iye èèyàn ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí wà.

Òfin Ìdìbò 2022 ni wọ́n fi ṣe ìdìbò abẹ́lé ọdún yẹn. Abala 84 fún ẹgbẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò fúnra wọn, kí àwọn aṣojú dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò sórí ẹnì kan. Ọ̀nà aṣojú ni APC àti PDP gbà yan olùdíje ààrẹ. APC mú aṣojú mẹ́ta mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. 774 ní ọ̀nà mẹ́ta jẹ́ 2,322. PDP mú ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi aṣojú àwọn aláàbọ̀ ara kún un ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni Kwara ní. Aṣojú 48 nìyẹn ní APC, 16 ní PDP láìka ti aláàbọ̀ ara. Kwara Gúúsù ní méje: Èkìtì, Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Ọ̀fà, Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Ọ̀yún. Gbogbo ilẹ̀ wa láti Ọ̀fà títí dé ẹnu ààlà Èkìtì, èèyàn méje péré ló dìbò fún wa ní PDP. Bí ẹyọ kan bá yà nínú wọn, odindi ìjọba ìbílẹ̀ kan ló yà yẹn. Ìdí nìyí tí àwọn aṣáájú fi ń ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin.

Àwọn tó ń dìbò nítorí ipò wọn, bíi gómìnà àti aṣòfin, kò lè dìbò lọ́dún 2022. Abala 84(8) kò fún wọn láyè. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣàtúnṣe rẹ̀ ní oṣù karùn-ún, Ààrẹ Buhari kò buwọ́ lù ú. Abala 84(12) sì ní ẹni tí wọ́n yàn sípò òṣèlú, kọmíṣọ́nnà tàbí olùdámọ̀ràn, kò gbọdọ̀ jẹ́ aṣojú tó ń dìbò.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an: kò sí ibì kankan nínú òfin yẹn tó ní aṣojú gbọdọ̀ dìbò fún ẹni tí gómìnà tàbí aṣáájú bá mú. Abala 84(5) ní kí àwọn aṣojú dìbò fún ẹni tó wù wọ́n. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbára lé ohun tí mo kọ yìí, kó ka òfin tó wà lóde lọ́jọ́ tí wọ́n máa dìbò, torí wọ́n ń tún òfin ìdìbò ṣe lóòrèkóòrè.

GeriAlimi (Ìlọrin)

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọjọ́ ìdìbò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe.

Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ aṣojú wò lórí lísìtì ìpínlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fún un ní káàdì àfikọ́rùn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí lórí lísìtì tí ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́, kò lè wọlé, bó tiẹ̀ wọlé níbi ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń dí ẹni tí wọ́n fura sí lọ́wọ́ nìyí: wọ́n á pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ kí lísìtì tó dé Abuja. Nítorí náà, kó gba ẹ̀dà èsì ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ tí àwọn tó darí ìdìbò náà buwọ́ lù, kó sì mú un dání.

Wọ́n á wá máa pe ìpínlẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí lẹ́tà ṣe tẹ̀ léra. Abia ló ń ṣíwájú. Ìpínlẹ̀ 22 ló wà ṣáájú Kwara. Wákàtí pọ̀ láàárín rẹ̀, inú wákàtí wọ̀nyẹn sì ni nǹkan ti ń yí. Ní ìdìbò PDP ti 28 oṣù karùn-ún 2022, Tambuwal dìde lórí pèpéle, ó ní kí àwọn tó ń tẹ̀ lé òun dìbò fún Atiku. Atiku ní 371, Wike 237, Saraki tiwa 70. Ní ìdìbò APC ní Eagle Square, ní oṣù kẹfà, olùdíje lé ní mẹ́fà ló juwọ́ sílẹ̀ fún Tinubu kí wọ́n tó tẹ̀ka. Dẹ́lígéètì tó ti ṣèlérí fún ẹni tó juwọ́ sílẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìlérí yẹn; ẹni yẹn kò lè fi ìbò rẹ̀ tọrẹ fún ẹlòmíràn.

Ní ti ìwé ìdìbò: bí ìlànà bá ní kí ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ orúkọ tó hàn kedere, kó má ṣe jẹ́ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Bó bá jẹ́ ìtẹ̀ka ni, kí tàdáwà má kan àpótí orúkọ méjì. Ẹ má kọ orúkọ ara yín, ẹ má fi àmì kankan sí i. Ìwé tó ní àmì ìdánimọ̀, wọ́n lè sọ pé kò wúlò. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ba ìwé jẹ́, àwọn ti fi ìbínú hàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tó bàjẹ́ kì í dín ìbò ẹnikẹ́ni kù.

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ lóde. Ẹni tó sanwó fún ìbò ń fẹ́ fọ́tò ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bí fóònù ò bá sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó lè béèrè ẹ̀rí. Ẹ sì béèrè ṣáájú bóyá àpótí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa kà lọ́tọ̀ tàbí wọ́n á da gbogbo ìwé pọ̀. Bí wọ́n bá ka ti Kwara lọ́tọ̀, tí aṣojú 16 ti ṣèlérí fún ẹnì kan, tí èsì sì jẹ́ 15, ìwádìí bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

ÌyáẸlẹ́kọ̀ọ́ (Òmù-Àrán)

Gbogbo èyí dára, àmọ́ ìbúra ńkọ́? Wọ́n ń kó wọn jọ sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń gbé Kùránì àti Bíbélì kalẹ̀, níbòmíràn irin ni. Kí ni ẹni tó ti búra máa ṣe?

AlfaÒkèKúrá (Ìlọrin)

Ìyá wa, ẹ béèrè ohun tó yẹ. Ní ti òfin orílẹ̀-èdè àti òfin ẹgbẹ́, ìbúra inú òtẹ́ẹ̀lì kò sọ ìbò di dúkìá ẹnikẹ́ni. Kò sí kóòtù tí yóò fi jẹ dẹ́lígéètì níyà.

Àmọ́ a kì í fi ojú kékeré wo orúkọ Ọlọ́run. Bí Mùsùlùmí bá búra, tó wá rí i pé òdìkejì ohun tó búra lé lórí ló dára jù, kó ṣe èyí tó dára jù, kó sì san káfárà ìbúra rẹ̀. Ó wà nínú Súrátù Máídà, áyà 89: kó bọ́ aláìní mẹ́wàá pẹ̀lú irú oúnjẹ tó ń fún ará ilé rẹ̀, tàbí kó fi aṣọ wọ̀ wọ́n, òmìnira ẹrú ni ìkẹta, èyí tí kò sí lóde òní. Ẹni tí kò bá ní agbára rẹ̀ ni yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn èèyàn máa ń sáré lọ síbi ààwẹ̀ torí ó rọrùn lójú wọn. Ẹni tó lágbára láti bọ́ èèyàn mẹ́wàá, ààwẹ̀ kò tíì kàn án.

Ohun tí káfárà kò lè wẹ̀ nù ni owó. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan láti dìbò fún un, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ló gbà. Bó bá wá dìbò fún ẹlòmíràn, tó sì di owó mú, kó má pe ìyẹn ní ẹ̀rí ọkàn.

ỌmọÌlọ́fà (Òkè-Ẹ̀rọ̀)

Alfa, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìbéèrè kékeré kan. Mo kà pé ní Amẹ́ríkà wọ́n bu owó ìtanràn lé dẹ́lígéètì tó yapa, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn sì fọwọ́ sí i. Ṣé kò yẹ kí àwa náà ní irú ẹ̀?

AráÌsánlú (Ìsin)

Àbúrò, ohun méjì lẹ pa pọ̀. Àwọn tí wọ́n bu owó ìtanràn lé kì í ṣe dẹ́lígéètì ẹgbẹ́. Àwọn tó ń dìbò yan ààrẹ lórúkọ ìpínlẹ̀ ni, lẹ́yìn ìdìbò gbogbogbòò. Ní 2016, mẹ́rin nínú wọn ní ìpínlẹ̀ Washington kò dìbò fún Clinton tó borí níbẹ̀. Mẹ́ta dìbò fún Colin Powell, ẹnì kan fún Faith Spotted Eagle. Wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san dọ́là 1,000. Ẹjọ́ àwọn mẹ́ta ló dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ, ìdájọ́ jáde ní 6 oṣù keje 2020 pé ìpínlẹ̀ lágbára láti fìyà jẹ wọ́n.

Ti dẹ́lígéètì ẹgbẹ́ yàtọ̀. Ìdìbò àwọn ará ìlú ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń so dẹ́lígéètì mọ́ olùdíje. Ní ìpàdé àpapọ̀ Republican ní Cleveland, oṣù keje 2016, dẹ́lígéètì 2,472 ló wà, 1,237 ló ń gbé èèyàn wọlé. Àwọn tí kò fẹ́ Trump gbìyànjú láti fi ìlànà tuntun tú gbogbo dẹ́lígéètì sílẹ̀ kí kálukú lè tẹ̀ lé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Èèyàn 112 ló wà nínú ìgbìmọ̀ ìlànà. 28 ni wọ́n nílò kí àbá wọn lè dé iwájú gbogbo ìpàdé. Wọn ò rí 28. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà pẹ̀lú ariwo ẹnu nìkan, láìka èèyàn, àwọn aṣojú Colorado dìde, wọ́n jáde.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Alaska. Wọ́n kéde ìbò wọn fúnra wọn: Cruz 12, Trump 11, Rubio 5. Akọ̀wé ìpàdé kọ gbogbo 28 fún Trump, torí ìlànà sọ pé àwọn olùdíje yòókù ti kúrò nínú ìdíje. Nítorí náà, dẹ́lígéètì tó yapa níbẹ̀ kì í san owó ìtanràn. Wọ́n kàn máa ń ka ìbò rẹ̀ bí ìlànà ṣe wí, ohunkóhun tó bá sọ.

Ti Democrat rọ̀ díẹ̀. Ìlànà wọn ní kí dẹ́lígéètì fi ẹ̀rí ọkàn rere gbé èrò àwọn tó yàn án yọ. Nígbà tí Biden juwọ́ sílẹ̀ ní 21 oṣù keje 2024, àwọn dẹ́lígéètì rẹ̀ di òmìnira, wọ́n dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di 5 oṣù kẹjọ, Harris ló gbà á.

Ìdí tí irú ìdè yẹn kò fi bá tiwa mu ni pé ará ìlú ló de dẹ́lígéètì lọ́hùn-ún. Níbí, ta ló dè é? Aṣáájú kan nínú pálọ̀ rẹ̀ ni.

ÀgbàÒró (Òró)

Ẹ kú làákàyè. Àmọ́ mo fẹ́ ta ko àwọn méjèèjì tí ọ̀rẹ́ wa ará Ọ̀fà kọ sókè.

Dẹ́lígéètì kì í ṣe ti aṣáájú, kì í sì í ṣe ti ara rẹ̀. Aṣojú ni wọ́n pè é. Àwọn tó rán an níṣẹ́ wà ní wọ́ọ̀dù. Wọ́ọ̀dù 193 ló wà ní Kwara. Lọ́dún 2022, APC yan aṣojú márùn-ún ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan fún ìdìbò abẹ́lé ti gómìnà àti aṣòfin, PDP yan mẹ́ta. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó tò sóòrùn ní ọjọ́ ìdìbò wọ́ọ̀dù àti ti ìjọba ìbílẹ̀ ló ni iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó dá jókòó sí Abuja tó ní ẹ̀rí ọkàn òun ló ń darí òun, tí kò béèrè ohun táwọn ará ilé ń fẹ́, kò yàtọ̀ sí ẹni tó gbọ́ràn sí gómìnà lẹ́nu.

Bí èèyàn bá mọ̀ pé òun kò ní lè gbé ẹni tí ẹgbẹ́ ń fà síwájú, kó pe ìpàdé kó tó wọkọ̀. Kó jẹ́ ìpàdé tó ní ìwé: ọjọ́, ibi tí wọ́n ti ṣe é, iye ọmọ ẹgbẹ́ tó wá, ohun tí wọ́n fẹ́ kí olùdíje ṣe fún wa, orúkọ tí wọ́n lè gbà àti èyí tí wọn ò lè gbà. Kí àwọn tó wá buwọ́ lù ú. Ojú ewé kan tó. Bí wọ́n bá wá pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, ìwé yẹn ni yóò fi hàn.

Ọgbọ́n kejì ni ti àkókò. Ẹni tó bá máa yà, kó yà kí wọ́n tó dìbò. Ní 6 oṣù kẹfà 2022, alága APC, Adamu, kéde Lawan gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹgbẹ́ fẹnu kò lé lórí. Ọjọ́ yẹn náà ni àwọn gómìnà àríwá nínú ẹgbẹ́ náà ní àwọn ò gbọ́ ọ, pé gúúsù ni agbára ń lọ. Òfin wà lẹ́yìn wọn: abala 84(9) ní ìfẹnukò kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi tí gbogbo olùdíje yòókù bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yọ̀ǹda. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Lawan ní 152, Tinubu 1,271. Ó ká mi lára pé ọ̀pọ̀ èèyàn wa máa ń dákẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé yí, wọ́n á wá máa pariwo nígbà tó ti bọ́.

AmòfinÌpo (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Ọ̀rọ̀ bàbá wa ti gbé wa dé ìbéèrè kẹta, lẹ́yìn tí olùdíje ti jáde. Dẹ́lígéètì kò lè yọ ọ́ mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Àfi tí olùdíje bá kú tàbí tó juwọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Abala 33 òfin 2022 fún ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 14 láti ṣe ìdìbò abẹ́lé míràn.

Kò tún lè lọ sí kóòtù. Abala 84(14) àti 29(5) fún olùdíje tó kópa nínú ìdìbò abẹ́lé nìkan láyè, ìyẹn náà láàárín ọjọ́ 14 gẹ́gẹ́ bí abala 285(9) ìwé òfin Nàìjíríà ṣe sọ. Ó ṣe pàtàkì kí ẹ mọ̀ pé òfin APC, abala 21, fi ìlékúrò halẹ̀ mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó bá gbé ẹgbẹ́ lọ sí kóòtù láìtíì lo gbogbo ọ̀nà ìparí ìjà inú ilé.

Bó bá sọ̀rọ̀ ní gbangba, ẹ̀sùn tí wọ́n máa fi kàn án ni pé ó ṣe ohun tó lòdì sí ẹgbẹ́. Ẹnu wọ́ọ̀dù ni irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà wọlé, ẹ má fojú di wọ́ọ̀dù. Wọ́ọ̀dù kẹwàá ní Etsako West ló dá Oshiomhole dúró ní 2019. Kóòtù gbà á wọlé, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi òǹtẹ̀ lù ú ní oṣù kẹfà 2020, bẹ́ẹ̀ alága gbogbo APC ni. Ní oṣù kẹta 2023, wọ́ọ̀dù Igyorov ní Gboko ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ayu, alága PDP. Nínú ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò san owó ẹgbẹ́ ọdọọdún rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni, òun ni wọ́n sì fi mú un.

Ìjókòó aṣòfin nìkan ni abala 68(1)(g) ìwé òfin Nàìjíríà lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá yí ẹgbẹ́. Kò kan dẹ́lígéètì, kò sí ìjókòó tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

GeriAlimi (Ìlọrin)

Amòfin, ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ilé kún un. Ní 31 oṣù kẹjọ 2013, ní ìpàdé àpapọ̀ PDP ní Eagle Square, gómìnà méje àti Atiku dìde, wọ́n jáde. Abdulfatah Ahmed tiwa wà lára wọn, Baraje ọmọ Ìlọrin ni wọ́n fi ṣe alága ìhà tó yapa náà, tí wọ́n pè ní “PDP Tuntun”. Ìjà lórí ẹni tí yóò gbé àsíá 2015 ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 26 oṣù kọkànlá, márùn-ún nínú méje yẹn darapọ̀ mọ́ APC, Kwara wà níbẹ̀. Niger àti Jigawa dúró sí PDP. Àwọn tó jáde pọ̀, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ń lọ. Dẹ́lígéètì kan ṣoṣo láti Ọ̀yún kò ní irú ìyẹn lẹ́yìn.

Ẹ wá wo gómìnà márùn-ún PDP ní 2022: Wike, Makinde, Ortom, Ikpeazu, Ugwuanyi. Wọn ò kúrò nínú ẹgbẹ́, wọ́n kàn yọwọ́ nínú ìpolongo Atiku. Makinde tí a jọ pààlà tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ortom, Ikpeazu àti Ugwuanyi fìdí rẹmi níbi ìdíje sẹ́nétọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe. Èsì kò dọ́gba, torí bí ilé kálukú ṣe le tó kò dọ́gba.

ỌmọÌyerú (Ọ̀fà)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ó ku ẹyọ kan. Bí dẹ́lígéètì bá pinnu pé òun ń kúrò nínú ẹgbẹ́ pátápátá, ta ni yóò kọ̀wé sí, kí ni kó sì kọ?

AmòfinÌpo (Àjàṣẹ́-Ìpo)

Alága wọ́ọ̀dù tó ti forúkọ sílẹ̀ ni, kì í ṣe alága ìpínlẹ̀, kì í sì í ṣe Facebook. Orúkọ, nọ́ńbà káàdì ẹgbẹ́, wọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí kíkúrò náà bẹ̀rẹ̀, ó parí. Kó má to ẹ̀sùn sínú rẹ̀. Ẹyin lohùn, èyí tó bá sì wà nínú ìwé, wọ́n lè kà á níwájú adájọ́. Kó tẹ ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé wọ́ọ̀dù buwọ́ lu ọ̀kan, kó kọ ọjọ́ sí i, kó sì dá a padà fún un. Bí wọ́n bá kọ̀ láti gbà á, kó fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ iléeṣẹ́ tó ń gbé lẹ́tà, kó fi rìsíìtì pamọ́ pẹ̀lú rìsíìtì owó ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bó bá ní i lọ́kàn láti ṣe aṣojú ní ẹgbẹ́ míràn, kó tètè lọ. Abala 77 òfin 2022 ní kí ẹgbẹ́ fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣọwọ́ sí INEC, ó kéré tán ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò abẹ́lé. Kó rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé yẹn ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí ohunkóhun fún un.